Alẹ́ Ni Mo Gbàgbé Láti Bèèrè

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ń wá ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni fún àkọ́bí wa obìnrin ní Àkúrẹ́ ní ọdún 2007, ojú ọ̀sán la fi ń wá a. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin la dé, láti Ìjàpọ̀ títí dé ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé, a sì wo gbogbo ohun tí ọ̀sán lè fi hàn ni: yàrá sáyẹ́ǹsì, ilé ìkàwé, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi aṣọ bò, àti pátákó ńlá ẹnu géètì tí wọ́n kọ iye ọmọ tó gba kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò nínú WAEC sí. Mo bèèrè owó, mo bèèrè iye ọmọ tó wà ní kíláàsì kan, mo tilẹ̀ bèèrè bóyá wọ́n ń gúnyán, àfi bí ẹni pé ilé ìdáná kan wà tó lè gúnyán fún 300 ọmọ. N kò bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wákàtí mẹ́jọ yẹn gan-an ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ tó ń gbé inú ọgbà àti ọmọ tó ń ti ilé lọ, nítorí pé nínú kíláàsì, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó sí.

Ẹnu bàbá ọkọ mi ni a ti gbọ́ nípa ìgbé ayé inú ọgbà. Ọmọ Aquinas College ni wọ́n, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọkùnrin tí Ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1951, wọ́n sì máa ń sọ pé ibẹ̀ ni àwọn ti kọ́ bí a ṣe ń tẹ́ ibùsùn àti bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́. Èmi ní tèmi wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1981, lásìkò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Gómìnà Adékúnlé Ajásin. Láti Àrákálẹ̀ ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ, tí mo sì ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, n kò mọ họ́sítẹ́ẹ̀lì rí. Ohun tí kò yé mi nínú ìtàn bàbá ni pé àwọn olùkọ́ wọn ń gbé inú ọgbà kan náà pẹ̀lú wọn. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí, a sì fi ọmọ wa sí họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún 2008, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń mú, ọmọ aládùúgbò wa kan kan ilẹ̀kùn wa ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. JSS1 ni òun àti àkọ́bí mi jọ wà, ṣùgbọ́n òun ń ti ilé lọ. Kò tíì kí mi tán tó fi bẹ̀rẹ̀ tó sì yọ ìwé kan láti inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, nítorí pé wọ́n máa ń tú báàgì wọn wò ní ẹnu géètì. Ìwé onílà kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ni, wọ́n ká a títí tí kò fi tóbi ju èékánná lọ. Ọmọ mi ló kọ ọ́: “Mọ́mì, ara mi ń gbóná láti ọjọ́ Ajé. Ẹ má sọ pé èmi ni mo kọ̀wé.”

Ó ti lé ní aago mẹ́sàn-án kí a tó débẹ̀. Ọlọ́dẹ kọ́kọ́ kọ̀, ó ní gbogbo ọ̀gá ti relé, kò sí ẹni tó lè fún òun láṣẹ. Nígbà tó rí ojú mi, ó ṣílẹ̀kùn. Yàrá gbọọrọ kan ni họ́sítẹ́ẹ̀lì náà, 40 ọmọbìnrin ló wà lórí ibùsùn onípele méjì, ẹni tó sì dàgbà jù níbẹ̀ ni ọmọ SS2 kan tí wọ́n fi ṣe olórí yàrá. Màtírọ́nù ti lọ sùn sílé rẹ̀ nínú ìgboro. Ọmọ SS2 yẹn jókòó ti ọmọ mi, ó ń fi aṣọ tútù nù ún níwájú orí, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Títí di òní, ẹnì kan ṣoṣo tí n kò bá wí nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé oògùn tí wọ́n ti fún ọmọ mi nílé ẹ̀kọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ kò ṣi oògùn yàn. Artemether-lumefantrine ló fún un, oògùn ibà tí a ń lò ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Wákàtí mẹ́jọ gbọ́dọ̀ wà láàárín ìlò àkọ́kọ́ àti èkejì, lẹ́yìn náà ó di àárọ̀ àti alẹ́. Fún ọmọ tó wọn bí i kìlógíráàmù 30, ẹyọ 3 ni lẹ́ẹ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ 18, oúnjẹ tó ní ọ̀rá díẹ̀ ló sì ń jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ nínú ara dáadáa. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún un, èyí tó túmọ̀ sí pé òru gànjọ́ ni ìlò kejì bọ́ sí, nígbà tí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ti wà lórí ibùsùn nílé. Mo tan iná fóònù mi sí káàdì tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn. Wọ́n ti fàmì sí gbogbo rẹ̀ pé ọmọ ti lò ó, títí kan ti alẹ́ Ọjọ́rú tí a ṣì wà nínú rẹ̀ náà. Mo ka oògùn tó kù nínú páálí: ẹyọ 9. Èyí tí wọ́n fún un lójúmọmọ nìkan ló lò, ti alẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀ gbáko.

A gbé e lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà, ara rẹ̀ sì yá. Olùdásílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀ wá gan-an, ó ní, “Màmá, ẹ má bínú, a máa tún un ṣe.” Mo gbà pé ó dùn ún. Ó fún mi lésì nípa nọ́ọ̀sì, ó fún mi lésì nípa káàdì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í pé ta ni yóò sùn ti àwọn ọmọ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ó ní òun ṣì ń wá ènìyàn. Nígbà tí sáà náà parí, a mú ọmọ wa kúrò.

Ìbẹ̀rù yẹn ló jẹ́ kí n ní kí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin máa ti ilé lọ nígbà tó kàn án ní 2009. Ẹ jẹ́ kí n má parọ́, ìyẹn náà ní ìyà tirẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jí i, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni lẹ́sìn ń parí, inú takisí ló sì ti máa ń sùn, tí yóò la ẹnu sílẹ̀. Àwọn tó ń gbé inú ọgbà ń kàwé alẹ́ pẹ̀lú olùkọ́ lábẹ́ iná jẹnẹrétọ̀. Tèmi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lábẹ́ àtùpà, nígbà tí iná bá lọ. Wọ́n tún sọ ọ́ di ìránṣẹ́: àwọn ọmọ inú ọgbà ń fún un lówó ra nǹkan, títí wọ́n fi mú un pẹ̀lú búrẹ́dì mẹ́fà nínú báàgì, wọ́n sì ní kí ó gé koríko fún ọjọ́ méjì. Mo ti múra láti lọ bá wọn jà. Mo rántí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ aládùúgbò wa, mo sì jókòó.

Ní 2013, nígbà tó kan àbíkẹ́yìn, alẹ́ ni mo fi wá ilé ẹ̀kọ́. Mo pe àwọn ọ̀gá wọn, mo ní mo fẹ́ wo họ́sítẹ́ẹ̀lì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Àwọn méjì ní kí n wá lọ́sàn-án, n kò padà síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ní kí n máa bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọkọ mi yóò dúró ní ẹnu géètì, torí họ́sítẹ́ẹ̀lì ọmọbìnrin ni. Ìyẹn gan-an fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, ẹ ní kí wọ́n fi ibùsùn màtírọ́nù hàn yín, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ lórí ìwé. Ẹ bèèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóru, nítorí bí iná bá ṣẹ́ yọ nínú yàrá tí wọ́n ti pa láti ìta, tí irin sì wà lójú fèrèsé, ibo ni àwọn ọmọ yóò gbà? Ẹ bèèrè ọkọ̀ tí yóò gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn ní aago méjì òru, àti ẹni tí yóò wà á. Bí ọmọ yín bá ní ikọ́ fée (asthma), ẹ rí i dájú pé oògùn tó ń fi ẹnu fà sínú (inhaler) wà nínú àpò tirẹ̀, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù nọ́ọ̀sì tí wọ́n ti pa. Bí ó bá jẹ́ SS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (àrùn fọ̀níkú-fọ̀larẹ̀), kí ẹni tó ń sùn tì í lálẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín fúnra yín, kí ó sì mọ̀ pé òtútù àti àìmu omi tó lè dá a wó.

Màtírọ́nù tí mo bá níbẹ̀ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún yẹn, fóònù mi dún ní aago kan òru. Mo rí orúkọ rẹ̀, n kò lè gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, “Màmá, ẹ má fòyà o. Ibà mú un ní ìrọ̀lẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí i fún oògùn ẹlẹ́ẹ̀kejì ni, ó ti padà sùn.” Mo bi í bóyá ó jẹ nǹkan kí ó tó lò ó. Ó ní búrẹ́dì àti mílíìkì gbígbóná ni.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ṣùgbọ́n n kò lọ ẹnu géètì wọn.