Tẹ́ ẹ bá dé Indianapolis, ẹ yà ní Hall of Champions

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Indiana l'Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ sí NCAA Hall of Champions, inú White River State Park ní Indianapolis ló wà. NCAA ni àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá àwọn yunifásítì l'Amẹ́ríkà. Mùsíọ́ọ̀mù àwọn ọmọ yunifásítì tó ń ṣeré ìdárayá ni, kì í sì í ṣe irú ibi tí wọ́n á ti máa lé ọmọ pé má fọwọ́ kan nǹkan.

Eré ìdárayá 24 ni wọ́n kó sí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú fídíò àtàwọn ìbéèrè tẹ́ ẹ lè dáhùn, ó dáa, ṣùgbọ́n òkè gan-an lọ̀rọ̀ wà! Wọ́n ṣe gbọ̀ngàn báskẹ́ẹ̀tì kan bíi tayé 1930 síbẹ̀, pákó nilẹ̀ ẹ̀, tí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀ ẹ máa gbọ́ gbì gbì, ọmọ àbúrò mi ju bọ́ọ̀lù títí òógùn fi bo gbogbo ojú ẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé ọmọ iléèwé ni wọ́n ń yìn níbẹ̀, ẹni tó lọ sáré láàárọ̀ kùtù tó tún ní ìdánwò lọ́sàn-án. Àwọn ọmọ tiwa náà gba ọ̀nà yẹn o. Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó, handball ló kọ́kọ́ ń gbá kó tó mọ báskẹ́ẹ̀tì, ó lọ sí University of Houston, ní 1983 yunifásítì NC State na ẹgbẹ́ wọn ní fáínà NCAA, síbẹ̀ òun náà ni wọ́n mú pé ó ta yọ jù, nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n nà o! Tóbi Amúsàn ti Ìjẹ̀bú Òde ńkọ́? UTEP, yunifásítì kan ní Texas, ló wà nígbà tó gba ipò kìíní ti NCAA ní 2017 nínú eré 100 mítà tí wọ́n ti ń fo igi ìdènà, nígbà tó fi máa di 2022 ó sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Oregon, kò sóbìnrin tó sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nílé, àwa náà ní NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1966, UNILAG gbà á lálejò ní 2022. Ó wù mí kírú ilé báyìí wà ní Ìbàdàn, kí bàtà àti mẹ́dàlì àwọn tó kọ́kọ́ sáré wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì lè fẹnu ara wọn ròyìn. Tí bàbá tàbí ìyá yín bá díje fún UI tàbí Ifẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ẹ má da fọ́tò wọn nù o, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn ẹ̀.