Akọ ló wà nínú omi burúkú, ìyá ẹja là ń dá lẹ́bi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe hatchery, ibi tí wọ́n ti ń pa ẹyin ẹja, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta la gún abo ẹja àrọ̀ lábẹ́rẹ́ kó lè yé ẹyin ní Ọbáńtókò wa níbí l'Abẹ́òkúta, ẹ̀ẹ̀mẹta náà la jí bá ẹyin tó funfun báláú lórí nẹ́ẹ̀tì, kò pa. Gbogbo wa là ń sọ pé ìyá ẹja ló ti gbó, mo tún lọ ra òmíì, owó kékeré kọ́ o, síbẹ̀ kò yí padà.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, akọ ò tó, mo bá gba ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń sin ẹja lọ́nà Alábàtà. Ẹyin inú abọ́ kan náà la pín sí méjì, ìdajì fún akọ tiwa, ìdajì fún tiwọn. Nígbà tá a la inú akọ tiwa láti gba àtọ̀, ẹpọ̀n ẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, àtọ̀ inú ẹ̀ ń ṣàn bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Ti ẹ̀gbọ́n tóbi, ó ki, ó funfun bíi wàrà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, tiwọn ti ń jù ìrù, tiwa ti ń hu olú.

Omi ni o! Ẹ̀gbọ́n ń pààrọ̀ omi akọ wọn déédéé. Tiwa wà nínú tánkì ẹ̀yìnkùlé, omi ẹ̀ dúdú, ó ń rùn, torí a máa ń sọ pé ṣebí a máa pa á náà ni. Bẹ́ẹ̀ ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí wọn ò jẹ tán ló ń di amóníà, ìyẹn májèlé inú omi, tó bá pọ̀ tí ọ́síjìn sì kéré, àtọ̀ á dín kù, èyí tó wà náà ò ní lágbára àtirìn. Kọ́pà, síǹkì, òjé, wọ́n ń bà á jẹ́ bákan náà, nítorí náà tí kànga yín bá sún mọ́ ibi tí wọ́n ń da omi aró àdìrẹ sí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ omi yẹn wò kẹ́ ẹ tó kó akọ sí i.

Ibòmíì tó ń dùn mí ni abọ́ tí omi ṣì wà lára ẹ̀. Àtọ̀ kì í rìn rárá nínú ẹja, omi lásán ló ń jí i, tó bá sì ti jí, kò ju bí ìṣẹ́jú kan lọ tó fi máa rẹ̀ ẹ́ pátápátá. Ọ̀bẹ, abọ́, ọwọ́, ẹ nù ún kó gbẹ, omi iyọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ fi po àtọ̀, gíráàmù 9 sí lítà 1, ìgbà tó bá ti dà pọ̀ mọ́ ẹyin lẹ tó máa bu omi sí i, kẹ́ ẹ rò ó kíákíá. Omi ẹ̀rọ tó ní chlorine, oògùn apakòkòrò inú omi, ńkọ́? Ẹ gbé e sílẹ̀ láìdé fún ọjọ́ kan gbáko.

A ti fọ tánkì ẹ̀yìnkùlé báyìí, akọ 4 ló wà níbẹ̀, àárọ̀ àárọ̀ ni mò ń lọ gbóòórùn omi wọn kí n tó fọnu.