Afárá ò gbọ́ ti kọ̀ǹpútà

Láàárọ̀ yìí, ní Àjàṣẹ́ níbí, a lẹ ẹ̀rọ tó ń wọn gbígbọ̀n mọ́ afárá kékeré kan. A ò dá ọkọ̀ dúró o. Àwọn zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, tó ń kọjá ló ń bá wa mì ín.

Ìyá alákàrà ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ara afárá ò yá ni?" Ẹ̀rín pa mí.

Iye ìgbà tí afárá ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bá a ṣe wọ̀n ọ́n, fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí èyí tí àwòṣe afárá náà nínú kọ̀ǹpútà sọ. Ẹ má fojú kéré e: bí ìwúwo kò bá yí padà, líle afárá fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti kọ̀ǹpútà nìyẹn! Àbúrò wa fẹ́ kàn dín líle kọnkéré kù nínú kọ̀ǹpútà. Mo ní rárá, rọ́bà tí afárá jókòó lé ni kó kọ́kọ́ tú sílẹ̀ díẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà náà. Ó tú u, iye bára mu, bí afárá ṣe ń tẹ̀ nígbà tó bá ń gbọ̀n náà bára mu.

Ẹ̀yin ará Kétu tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ibo lẹ̀yin ti ń kọ́kọ́ fura?