Ohun Tí Credit Bureau Mọ̀ Nípa Gbèsè Wa

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé credit bureau, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń kó ìròyìn nípa gbèsè àwọn ènìyàn jọ, ló ń sọ pé kí wọ́n má yá àwọn lówó, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi rí àkọsílẹ̀ tèmi. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, irú Equifax, Experian àti TransUnion, kì í yáni lówó, wọn kì í sì í pàṣẹ fún ẹni tó fẹ́ yáni. Ohun tí báńkì àti àwọn ayánilówó mìíràn bá fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń tò sábẹ́ orúkọ ẹni: iye tó yá, ọjọ́ tó yá a, iye tó kù nílẹ̀, àti bóyá ó san án lásìkò tàbí ó jẹ́ kí ọjọ́ kọjá. Owó tí ènìyàn fi pamọ́ kì í sábà sí níbẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò yáwó rí lè lówó lọ́wọ́ kó má sì ní àkọsílẹ̀ kankan, ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Ní 1841 ni Lewis Tappan dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní New York, tó ń ta ìròyìn nípa àwọn oníṣòwò fún àwọn tó fẹ́ tajà àwìn fún wọn. Ohun tó ń kọ wọ́n lóminú nígbà náà kò tíì yí padà: ẹni tó wá yáwó mọ ara rẹ̀, ẹni tó fẹ́ yá a kò mọ̀ ọ́n. Níbi tí kò bá sí àkọsílẹ̀, ayánilówó á béèrè ohun ìdógò tàbí onígbọ̀wọ́, tàbí kó bu èlé gọbọi lé owó náà, àwọn tó ń san gbèsè wọn déédéé á sì máa jìyà ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí kì í san.

Láti inú àkọsílẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń ṣírò máàkì tí ayánilówó fi ń mọ bóyá ènìyàn á lè san gbèsè. Máàkì ti FICO, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, èyí tó jáde ní 1989, wà láàárín 300 sí 850, sísan gbèsè lásìkò nìkan ló sì kó ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀.

Nínú àkọsílẹ̀ tèmi, gbèsè kan tí mo ti san tán ṣì wà nílẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ pé ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tó yá mi lówó ni kò ránṣẹ́ pé mo ti parí rẹ̀. Mo fi rísíìtì owó tí mo san kẹ́yìn ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà; credit bureau wádìí lọ́wọ́ ayánilówó náà, ó jẹ́wọ́, wọ́n sì sọ iye tó kù di òdo. Ṣùgbọ́n credit bureau méjì ni ayánilówó náà ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí, gbèsè náà kò sì kúrò lọ́dọ̀ èkejì títí mo fi tún kọ lẹ́tà mìíràn.