Orí Gòláyátì Nínú Odó Iyán

Tó o bá wọ ọjà Àtàkúmọ̀sà tó o ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ọmọlangidi lo fẹ́ rà, wọ́n á kọ́kọ́ wò ẹ́ látòkè délẹ̀, wọ́n á ní ṣé tọmọdé ni àbí irú èyí tí wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ gún lóru. Mi ò bá wọn jà. Káfíńtà nírinṣẹ́ tiẹ̀, télọ̀ ní tiẹ̀, ṣúmékà ní tiẹ̀, àwa tá à ń ṣe bèbí tó ń yanu tó ń juwọ́ sáwọn ọmọdé, kò sí ṣọ́ọ̀bù wa nílùú Iléṣà, ohun tá a bá rí nílẹ̀ náà la fi ń ṣe é.

Ẹ wá wo yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ mi. Páìpù omi funfun yẹn, mo rẹ́ ẹ kéékèèké, mo la ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan, ó di kílàǹpù, tẹ́ ẹ bá fi há fóòmù tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ kò ní mira tílẹ̀ á fi mọ́. Irin tá a fi ń darí ọwọ́ wọn, sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni, mo ti kan ìṣó mélòó kan sára pákó kan, tí mo bá ti ki sípóòkù sáàárín ìṣó yẹn tí mo yí i, gbogbo ẹ̀ á ká bákan náà, kò ní di pé ọwọ́ ọ̀tún gùn ju tòsì lọ. Fíìmù X-ray àtijọ́ ni pátánnì mi torí kì í ya bíi ti páálí. Àyà ta ló wà nínú ẹ̀, mi ò mọ̀, Ọlọ́run bá wa fún onítọ̀hún lálàáfíà. Ojú wọn ńkọ́? Bọ́ọ̀lù roboto orí roll-on. Ìyàwó mi ti mọ̀ mí, tí roll-on bá ti ń tán lọ á ti fi pamọ́, bóyá kó lè fún mi ni o, bóyá kí n má bàa rí i ni.

Ẹ má sì rò pé òṣì ló fa gbogbo eléyìí. Jim Henson, ọkùnrin Amẹ́ríkà yẹn, lọ́dún 1955 tó kọ́kọ́ ṣe Kermit, bèbí ẹ̀ tó lókìkí jù, kóòtù àlòkù ìyá ẹ̀ ló gé, ìdajì bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì orí tábìlì ló fi ṣojú ẹ̀. Tí ìyá tiẹ̀ bá lè fi kóòtù sílẹ̀, mi ò rí ìdí tí ìyàwó tèmi ò fi ní lè fi fáànù sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, fáànù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ní káwọn ọmọ Sọ́ńdè Sukúù fi bèbí ṣeré Dáfídì àti Gòláyátì. Dáfídì ò le, ìbọ̀sẹ̀ kan àti òwú díẹ̀, ó ti parí. Gòláyátì niṣẹ́ wà. Bíbélì ní gíga ẹ̀ jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mẹ́fà àti ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, tèmi ò lè ga tóyẹn, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ò gbà, ṣùgbọ́n orí ẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi débi táwọn tó jókòó lẹ́yìn á fi rí i. Mo bá lọ kó fóòmù funfun inú páálí fíríìjì alájọgbélé wa kan, èyí tó máa ń dún kuẹ́ kuẹ́ tó bá fara kanra yẹn. Gọ́ọ̀mù ṣúmékà kì í bá a ṣe rárá, ńṣe ló máa ń jẹ ẹ́ yọ́, tọ́ọ̀bọ́ńdì, gọ́ọ̀mù àwọn káfíńtà, ni mo fi lẹ̀ ẹ́ léra wọn. Mo wá fi wáyà gbígbóná gé e. Wáyà yẹn, inú họ́tì pléètì tó ti bà jẹ́ ni mo ti yọ ọ́, mo nà án sáàárín igi méjì, mo so ó mọ́ bátìrì ọ̀kadà, ó ń la fóòmù já wẹ́rẹ́ láìsí ariwo. Wọ́n ṣáà máa ń kì wá pé Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Èéfín ẹ̀ nìkan ni ò dáa, torí ẹ̀ ni mo ṣe yọ nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé kúrò pátápátá. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì yẹn sọ́kàn.

Ó ku ká sọ ọ́ di roboto. Níbẹ̀ ni fáànù ti wọlé. Fáànù onídùúró ìyàwó mi, abẹ ẹ̀ méjì ti kán tẹ́lẹ̀ (èmi kọ́ o), mo bá yọ irin ojú ẹ̀, mo gé abẹ tó kù, mo fi ìdí ẹ̀ sílẹ̀, mo wá de pákó pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn tí ìṣó mẹ́ta yọrí lára ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ orí fóòmù wọnú ìṣó yẹn, ẹ tan fáànù, ẹ fi sáńpépà tì í, orí yí po. Kódà mo gé pákó kan sí ìrísí iwájú orí dé ọrùn, mo lẹ sáńpépà mọ́ inú ẹ̀, kó lè jẹ́ pé orí tí mo bá ṣe lónìí àti èyí tí mo bá ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ á jọra. Fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, nọ́ọ̀tì tó di abẹ fáànù mú, òdì ni wọ́n ń yí i, ẹ má lọ fi agídí ṣẹ́ ẹ.

Mo sì ti fi ojú kan sí i. Mo fẹ́ wò ó bóyá ihò ẹ̀ jìn tó ni, ìgbà tó wá há dáadáa mo ní kó máa wà níbẹ̀.

Sátidé lọ́sàn-án ni. Iná táwọn oníná gbé wá lọ́jọ́ yẹn, tẹ́ ẹ bá tan gílóòbù, ẹ máa tan tọ́ọ̀ṣì kẹ́ ẹ tó rí ibi tí gílóòbù wà. Fáànù ń yí lọ jẹ́jẹ́, mo ti tẹ nọ́ńbà mẹ́ta síbẹ̀ ó ṣì ń rò ó kó tó yí, àní irú eré tí iṣẹ́ yẹn ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Orí Gòláyátì ń dán, eérún funfun ti bò mí nírùngbọ̀n, mo ń kọrin. Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò ní ẹ̀sùn kankan sí maṣíìnì yẹn títí dòní? Kò ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe. Àwọn oníná ló gbé iná ńlá dé láìkìlọ̀.

Mo gbọ́ tí gbogbo àdúgbò hó "Up NEPA!", fáànù ní vuuuuu, kí n tó na ọwọ́ sí súìṣì orí ti bọ́ lórí ìṣó. Ó kọ́kọ́ lọ kan sílíǹ, ó bọ́ sára ògiri, ó wá gba ojú fèrèsé tí ò ní nẹ́ẹ̀tì jáde.

Ẹ̀yìn fèrèsé mi yẹn ni ibi ìgúnyán Ìyá Oníyán.

Èmi ò rí bó ṣe balẹ̀, ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn ni mò ń sọ. Ọmọkùnrin méjì ló wà nídìí odó, wọ́n ń gún un ní dídì-ń-dì, ooru iṣu bò wọ́n lójú, iyán funfun, orí Gòláyátì funfun, ta ni kó mọ̀yàtọ̀? Wọ́n ṣáà gún un. Èyí àkọ́kọ́ sọ ọmọ odó kalẹ̀, iyán ní kuẹ́. Ìkejì sọ tiẹ̀, iyán ní kuẹ́ẹ́. Ìyá Oníyán tó ń bu ọbẹ̀ lápá kejì bá dúró.

"Kí ló ń ké yẹn?"

"Iyán ni mà."

"Iyán wo ló ń ké? Látọdún tí mo ti ń tà á?"

"Bóyá ó ní kókó ni mà."

Wọ́n tún gún un lẹ́ẹ̀kan sí i kí kókó yẹn lè fọ́. Kókó ò fọ́, ńṣe ló yí padà, ojú kan ṣoṣo bá ń wò wọ́n látinú odó.

Èyí tó dàgbà nínú wọn ju ọmọ odó sílẹ̀. Àbúrò ẹ̀ ò tiẹ̀ jù ú sílẹ̀, ó gbé e sá lọ, wọ́n ní apá Òkèṣà ni wọ́n ti rí i pẹ̀lú ọmọ odó léjìká tó ń sọ fáwọn èèyàn pé iṣu ti lajú. Ìyá Oníyán ní tiẹ̀ ò sá. Èmi tí mo sáré yọrí lójú fèrèsé pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun ló kọjú sí.

"Uyán mi o! Bàbá Oníbèbí, ìwọ ni àbí ìwọ kọ́?"

"Ẹ má bínú mà, àwọn oníná ni."

"Àwọn oníná ló lorí yìí?"

Mo sọ̀ kalẹ̀. Àwọn oníbàárà tó jókòó, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ti wà níwájú oníkálùkù, wọ́n ti fọwọ́ wọn, wọ́n gbé ọwọ́ sókè kó má bàa tún dọ̀tí, gbogbo wọn sì ń wo èmi nìkan. Bàbá kan tilẹ̀ ní kí wọ́n ṣáà yọ orí yẹn kúrò kí wọ́n bu iyán tó yí i ká fún òun, ebi ń pa òun. Èmi gan-an rò pé ó dáa bẹ́ẹ̀ títí mo fi wo inú odó: fóòmù ti rún wọnú iyán, wóró wóró, kò sí bó o ṣe fẹ́ ṣà á.

Ìyá ní kí lẹ̀ ń fi irú nǹkan yìí ṣe ná, ẹ̀yin àgbàlagbà, bèbí! Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù. Mo ní ẹ̀ ń gbọ́ mà, iṣẹ́ àwọn baba wa ni, àwọn ará Kétu ló ń gbé ère sórí agọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n ń fi okùn fà á kó lè máa mira, àti pé lọ́dún 2001 UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, fúnra ẹ̀ kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kún àwọn àjogúnbá ńláńlá aráyé. Mo ti fẹ́ bọ́ sórí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò tó dé Ọ̀yọ́-Ilé lọ́dún 1826 tí wọ́n fi eégún ṣeré fún, ni Ìyá bá dá mi lẹ́nu.

"Ó dáa. UNESCO ni kó wá sanwó iyán mi."

Àwọn oníbàárà pàtẹ́wọ́, àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́ yẹn.

Mo ní màá mú un wá lálẹ́. Ìyá ò dá mi lóhùn, ó kàn gbé àpótí ìjókòó ẹ̀, ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé e kalẹ̀, ó jókòó tì í. Ọmọ òṣómàáló ni, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ó béèrè omi, mo fún un. Ó ní kí n bá òun tan fáànù torí ooru ń mú, mi ò sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi bá a.

"Ẹ káàsán mà. Bàbá Ayọ̀, fáànù mi dà?"

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, mo san owó odindi odó kan, iṣu àti owó iṣẹ́ àwọn ọmọ méjì tó gún un, pẹ̀lú èyí tó ṣì wà ní Òkèṣà. Ìyàwó mi wo maṣíìnì mi yíká, ó ní orí wà lórí ìṣó lápá ọ̀tún, kí ló dì í mú lápá òsì? Mo ní àwọn oníná ni. Ó tún béèrè. Mo tún dáhùn.

Kò sáyè àtiṣe orí míì, Sọ́ńdè ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mo bá wá akèrègbè kan, mo kùn ún, mo lẹ irùngbọ̀n mọ́ ọn, ó tiẹ̀ burú lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn dáa fún Gòláyátì. Bí mo ṣe ṣètò ẹ̀ ni pé orí wà lórí igi, píìnì kan dì í mú, okùn wà lára píìnì, tí òkúta Dáfídì bá ti bà á mo máa fa okùn, orí á já bọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ pẹ̀lú ohun tójú mi ti rí, mo bá fi ìṣó kún un, mo tún fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ wé e.

Dáfídì ju òkúta, ó bà á níwájú orí, mo fa okùn, Gòláyátì dúró. Àwọn ọmọ ní kó tún jù ú. Ó tún jù ú, mo fa okùn débi tí okùn fi já, Gòláyátì ń wo gbogbo ìjọ. Òkúta dídán márààrún tó ṣà létí odò ló jù tán, ọmọ tó di Dáfídì mú bá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ni tíṣà Sọ́ńdè Sukúù bá sọ̀rọ̀ sí mi lẹ́yìn kọ́tìnì pé, "Bàbá Ayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sá lọ." Mo bá gbé e sá lọ. Àwọn ọmọ hó yèè. Pásítọ̀ wojú Bíbélì ẹ̀ títí.

Ayọ̀ ọmọ mi ló lọ ròyìn fún Ìyá Oníyán lọ́jọ́ Mọ́ńdè pé irọ́ ni wọ́n ń pa, Gòláyátì ò kú, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló fi sá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ìyá ní, "Kó ṣáà má gbabi odó mi kọjá."