Ọgbẹ́ spleen tí wọn kò là: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa àwòrán kejì

Ní ọdún 2022, ọ̀kadà gbé mi ṣubú ní Ìbàdàn, mo sì fi ìhà òsì balẹ̀ sétí gọ́tà. Èjìká òsì ló ń dùn mí, n kò fura pé inú ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jò. CT scan, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ló fi hàn pé spleen mi, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, ti ya dé ìpele kẹta nínú márùn-ún. Nítorí pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi kò lọ sílẹ̀, wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Spleen ń bá wa gbógun ti kòkòrò àrùn, a kì í yọ ọ́ bí kò bá pọn dandan.

Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Ìrora ti lọ, mo sì rò pé ó ti parí, àfi ìgbà tí àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí ẹ padà wá ya àwòrán?" Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi, èmi náà kò sì béèrè.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tó fara pa nínú spleen lè wú láìdunni rárá, kí ó sì bẹ́ lójijì, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n lè gba iṣan ẹ̀jẹ̀ itan wọlé lọ dí i láìla ikùn. Scan lásán lè fojú fo irú rẹ̀. CT tí wọ́n fún ènìyàn lábẹ́rẹ́ oògùn tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn kí wọ́n tó yà á ló ń fi í hàn dáadáa.

"Scan inú" nìkan ni wọ́n kọ sínú ìwé tí mo kọ́kọ́ mú lọ, ẹni tó yà á sì kọ ọ́ pé gbogbo rẹ̀ dára, láìmọ̀ pé mo ti ṣubú. Àbúrò mi kò gbà. Dókítà mìíràn kọ ọ́ gbangba pé spleen ya, kí wọ́n wo iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀. Mo gbé fíìmù CT àkọ́kọ́ dání nínú ọ̀rá. Lẹ́yìn tí wọ́n ya tuntun, dókítà àwòrán gbé méjèèjì sára iná, ó fi bírò tọ ojú ọgbẹ́ náà, mo sì rí i pé ó ti ń pa dé. Kò sí iṣan tó wú.

Nítorí náà, ẹ béèrè ìpele ọgbẹ́ yín kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn, ẹ béèrè bóyá ẹ ó tún àwòrán yà, kí ẹ sì gba fíìmù yín. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò rẹ̀: ọmọdé tí ọgbẹ́ rẹ̀ kéré, tí ara rẹ̀ sì ti le, àwọn dókítà kì í sábà tún un yà, kí ìtànṣán má baà pọ̀ jù lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òòyì bá ń kọ́ yín, tí ikùn le, tàbí tí èjìká òsì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ẹ má dúró de ọjọ́ àwòrán. Lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ padà sílé ìwòsàn, ì báà jẹ́ òru.