Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí ẹsẹ̀ tó kú àti ìtọ̀ àárọ̀

Ọ̀rọ̀ àtọ̀sí ajá (schistosomiasis, àrùn kòkòrò inú odò) tó ń pa ẹsẹ̀ ọmọ yìí ṣì ń dùn mí. Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ láàbù l'Ákùúrẹ́, ẹ mọ irú ọmọ tí mò ń sọ. Ẹ̀yìn á kọ́kọ́ máa dùn ún, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ méjèèjì á rọ, ìtọ̀ á sé. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀, kò mọ̀. Abẹ́ ìdodo rẹ̀ á le koko nítorí ìtọ̀ tí kò jáde, á máa wojú ìyá rẹ̀. Ẹnìkan á ní ọwọ́ ayé ni, ẹlòmíràn á ní ikọ́ ife ló wọ eegun ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó máa béèrè odò.

Ẹ béèrè odò! Àtọ̀sí ajá ti wà nínú odò Apọnmu ní Ìpógun, ìlú kan nítòsí Àkúrẹ́, tipẹ́. Awọ ara ni kòkòrò rẹ̀ ń gbà wọlé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ìbàdí lè gbé ẹyin rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ mùdùnmúdùn ẹ̀yìn, ara á bá ẹyin náà jà, ibẹ̀ á wú.

Ìtọ̀ tí wọ́n gbà ní ìdájí ló ń tàn wá jẹ. Láàárín aago 10 òwúrọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ni ẹyin ń jáde jù, inú ẹ̀kán tó gbẹ̀yìn ló sì ń pọ̀ sí. Ẹ gba milílítà 10, ẹ fi ẹ̀rọ yí i, ẹ fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ maikirosíkóòpù. Ẹyin gígùn ni, ẹ̀gún wà ní ìdí rẹ̀. Bí ẹ̀gún bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, mansoni, irú àtọ̀sí ajá mìíràn, nìyẹn, ìgbẹ́ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ bá ti wà lára aláìsàn, ẹ kó ìtọ̀ ọ̀sán jọ, ẹ jẹ́ kó silẹ̀. Bí kò bá ṣeé wò láàárín wákàtí kan, ẹ fi fọ́málìn sí i kí ẹyin má baà pa ọmọ.

Mi ò dá dókítà kankan lẹ́bi o. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹyin bá ti wọ ẹ̀yìn, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ lè mọ́ tónítóní. Nítorí náà ẹ gbà á lọ́jọ́ mẹ́ta. MRI (àwòrán inú ara) ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á fi ibi tó wú hàn, àmọ́ kò lè sọ orúkọ rẹ̀, torí ìwú jẹjẹrẹ àti ti ikọ́ ife lè jọ ọ́. Omi ẹ̀yìn náà, eosinophil (irú ẹ̀jẹ̀ funfun kan) inú rẹ̀ ni kí ẹ wá, ẹyin kì í sábà hàn níbẹ̀. Praziquantel tó ń pa kòkòrò àti prednisolone tó ń mú ìwú lọ sílẹ̀ ni dókítà máa ń fún aláìsàn. Bí ìtọ́jú bá tètè bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ń rìn padà.

Ìtọ̀ ìdájí ṣáá ni mo tún ń padà sí. Ẹ kọ aago tí wọ́n tọ̀ ọ́ sára ike. Bí kò bá bọ́ sáàárín aago 10 sí aago 2, ẹ ní kí wọ́n gba òmíràn wá.